Omi Tí Mo Dà Sórí Koríko

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo da omi inú korobá yẹn nù. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo mọ aago náà nítorí pé mo wo fóònù mi bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì tún wò ó nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, bí ẹni pé aago lè ràn mí lọ́wọ́.

Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni ilé wa wà. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ ń gbé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, àṣà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi ṣeré. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bó bá ti iṣẹ́ òru dé o, bí kò bá lọ síbi iṣẹ́ rárá o, yóò yí ilé po. Ohunkóhun tó bá gba omi òjò sára, yóò dà á nù, yóò sì dojú rẹ̀ dé. Abọ́ tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, ìdérí agolo ìdọ̀tí, bàtà tí ẹnìkan gbàgbé síta. Ibà ló pa àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé ẹ̀fọn Maryland kì í gbé ibà kiri. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ yín ná, ká tó máa bi í ní ìlú rẹ̀.”

Lẹ́yìn tó kú, èmi ni mo ń yí ilé po. Ó wà lára ìwọ̀nba nǹkan tí mo mọ̀ pé ó fẹ́, tí mo sì lè ṣe láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi. Mo ń tọ́jú pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ ìgbóná ní àwọn ilé alágbèépọ̀ kan ní Temple Hills. Ìyàwó mi máa ń sọ pé àwọn pọ́ǹpù yẹn ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ, pé wọ́n tilẹ̀ ń kígbe nígbà tí nǹkan bá ń dùn wọ́n. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì àkọ́kọ́, èmi àti àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìgbáròkó mi lọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó gba ìwé ẹ̀rí tó jẹ́ kí n lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara mi nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Mo máa ń wo nǹkan kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Nígbà mìíràn, mi ò kà á rárá.

Ọmọ mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun ní yunifásítì kan ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó wá sílé fún ìsìnkú. Ó ní òun máa lo oṣù díẹ̀ pẹ̀lú mi. Oṣù díẹ̀ náà di ọdún méjì. Ó wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Oxon Hill, òun ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn. Mo mọ ìdí tí kò fi lọ. Mi ò sọ fún un pé kó máa lọ. Mo fẹ́ràn kí n máa rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Obìnrin náà kọ̀wé sí i pé àyè kan ṣí sílẹ̀ fún ọdún tuntun, pé àwọn mẹ́ta ló ń wá a, kí ó ṣe iṣẹ́ kan nílé, kí ó ya fídíò rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí fídíò náà bá dára, yóò padà sílé ẹ̀kọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn.

Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ewéko kan wà nínú òkun lọ́hùn-ún tí àwọn òyìnbó ń pè ní kẹ́lípù. Ilẹ̀ òkun ló ti ń hù, ó sì ń ga títí yóò fi dé ojú omi, ó ń ga ju igi àgbọn lọ. Níbi tó bá pọ̀ sí, igbó ni. Omi òkun kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n bó bá dé igbó yìí, ìrìn rẹ̀ á yí padà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba àárín igbó, á máa falẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù á gba ẹ̀gbẹ́, á máa sáré. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké sì wà nínú omi náà, ọmọ akàn tí kò tíì jọ akàn, àti oríṣi edé kan tí kì í tóbi ju hóró iyanrìn lọ. Wọ́n lè gòkè díẹ̀, wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára wọn kò ká ìrìn omi. Ibi tó bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi hàn ni àwọn tí igbó ń dá dúró àti àwọn tó ń kọjá lọ.

A kan ọpọ́n gíláàsì gígùn kan sí yàrá abẹ́ ilé. Mo sọ pé “a” nítorí pé èmi ni mo to pọ́ǹpù rẹ̀. Ó ge ríbọ́nù aláwọ̀ ewé, ó so wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ọpọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì dúró nínú omi bí igbó. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde lẹ́nu pọ́ǹpù ń ru gùdù, kò ṣeé wò. Mo sọ fún un pé ká ra sitírọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń mu ohun mímu, ká gé wọn kúkúrú, ká lẹ̀ wọ́n mọ́ra bí afárá oyin, kí omi máa gba inú wọn kọjá kó tó dé ibi ríbọ́nù. A ra páálí mẹ́rin. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀, a ń gé e. Ó ní, “Dádì, àwọn tó tà á fún yín á ti máa rò pé ẹ fẹ́ ṣí búkà.” Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu mi nínú ilé yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló dán an wò lójú mi. Ó kán yíǹkì pupa kan sí orí omi náà. Èyí tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n sáré lọ tààrà, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé òpin. Èyí tó wọ àárín ríbọ́nù falẹ̀, ó ń yí lẹ́yìn ríbọ́nù kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń tàn kálẹ̀ bí èéfín nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi síbí bu díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń tọ́ nílé sí i. Bákan náà ni. Àwọn ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn àárín dúró. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dúró, omi ni kò gbé wọn.

Ó wojú mi. Ó ń retí kí n bi òun ní nǹkan. Ìbéèrè wà lọ́kàn mi lóòótọ́. Mo fẹ́ bi í bóyá dídúró yẹn dára fún wọn. Ṣùgbọ́n mo kàn ní, “Ó dáa.” Mo sì gòkè lọ sùn.

Àwọn ẹ̀dá yẹn, láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi wọ́n ránṣẹ́ nínú àpótí tútù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tọ́ wọn nínú korobá funfun kan, ó ń fi omi aláwọ̀ ewé tí ewéko wínníwínní kún inú rẹ̀ bọ́ wọn. Inú yàrá abẹ́ ilé ni mo máa ń rí korobá náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi a máa wà nínú rẹ̀, tí ń hó. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, yàrá náà ti gbóná nítorí pọ́ǹpù àti àwọn iná tí yóò fi ya fídíò. Ó yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, ó gbé korobá náà síta, sí ìdí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn níbi tí ibòòji wà. Ó máa lọ síbi iṣẹ́, á yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnìkan níbẹ̀, á sì padà ní aago méjì láti yà á.

Ó sọ fún mi. Mi ò lè sọ pé kò sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ti gbé wọn síta díẹ̀ kí ara wọn lè tutù. Pọ́ǹpù ni mo ń tẹ́tí sí nísàlẹ̀. Mo ní ó dáa. Mi ò bi í pé àwọn wo.

Nígbà tó lọ tán, mo yí ilé po gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo da abọ́ ìkòkò òdòdó. Mo da ìdérí agolo. Mo dé ìdí àtẹ̀gùn, mo rí korobá tó ní ìdérí lórí. Mo ṣí i, mo gbé ìdérí náà kalẹ̀ láìwò ó. Omi inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Nǹkan kéékèèké ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀. Tanwíjí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, ọmọ ẹ̀fọn, irú èyí tí à ń rí nínú àmù tí wọ́n bá gbàgbé láti fọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo gbé korobá, mo yí i dà sórí koríko. Mo fi rọ́bà omi ṣan inú rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé, bí ìyàwó mi ì bá ti ṣe é.

Òórùn iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́wọ́ mi. Mo yí ìdérí padà. Ó ti kọ̀wé sí i lára pẹ̀lú yíǹkì dúdú. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lá àlá. “Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má dà á nù. Wọ́n wà láàyè.” Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tí ó lè tìtorí rẹ̀ kọ Yorùbá.

Mo kúnlẹ̀ lórí koríko. Mo fi síbí ha ẹrẹ̀ sínú ife. Mo da iyọ̀ ilé ìdáná sí omi, mo rò ó, mo da ẹrẹ̀ sí i. Ìwà òmùgọ̀ ni. Mo rí ọ̀kan tó mira. Lẹ́yìn náà kò mira mọ́.

Mo lè pè é lórí fóònù. Mo sọ fún ara mi pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, pé kò yẹ kí n dà á láàmú. Irọ́ ni. Bí mo bá pè é, màá ní láti sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣe ohun kan tí ojú ń tì mí láti kọ. Àgbọ̀nrín ti wá sí àdúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n jẹ òdòdó aládùúgbò wa tán. Mo padà lọ síbi korobá tí mo dojú rẹ̀ dé. Mo gbé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, bí ohun tí ẹranko dà. Mo ju ìdérí sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Mo wọlé, mo fọwọ́, mo jókòó.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ mọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Mo ń wò ó láti fèrèsé ilé ìdáná. Ó dúró lórí korobá náà. Mo jáde. Kí n tó lanu, ó ní, “Àgbọ̀nrín ni, àbí? Àwọn àgbọ̀nrín yìí náà ni.”

Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé kámẹ́rà àyálò náà lé ẹsẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, láìpariwo. Ó ní òun ló jẹ̀bi, ó yẹ kí òun ti gbé òkúta lé ìdérí. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó gbójú sókè wò mí, ó sì bi mí ní ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń bi mí nígbàkígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìyẹn ni mi ò lè fara dà.

Mo ní, “Èmi ni mo dà á nù.”

“Kí lẹ wí, Dádì?”

“Mo rò pé tanwíjí ni. Mo dà á nù láàárọ̀. Mo sì gbé korobá náà dùbúlẹ̀, kí o lè rò pé ẹranko ni.”

Ó wo ìdérí níbi tó wà.

“Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ fún yín.”

“Mo rí i lẹ́yìn tí mo dà á tán.”

“Ẹ ò bi mí. Mo ní mo gbé wọn síta, ẹ ní ó dáa. Gbogbo nǹkan, ó dáa.” Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó tilẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i. “Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún Mọ́mì. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, ẹ̀yin náà ń wò ó.”

Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé.

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó mi máa ń jókòó létí bẹ́ẹ̀dì bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń dé itan rẹ̀. Ìlà ìbọ̀sẹ̀ á hàn lára rẹ̀. Bó bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Ó ní ìdúró ló fà á. Nọ́ọ̀sì ni òun, èmi ń tún páìpù ṣe, ta ni mí láti jiyàn. Mo máa ń po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú abọ́, mo máa ń gbé e síwájú rẹ̀, mo sì máa ń jáde kí n má bàa dí i lọ́wọ́. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan wà tó ní kí n dúró ti òun díẹ̀. Mo dúró. Mi ò bi í pé kí ló ń ṣe é. Nígbà tó kú, àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti ń rẹ̀, pé ó ti pẹ́, pé ẹsẹ̀ wíwú yẹn ni àmì rẹ̀.

Kí n tó sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa retí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kì í ṣe èyí tó fẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ yìn ín, ẹlòmíràn ló sì gba àyè náà. Wọ́n ní kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ṣì wà lókè níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, iná wà lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò sì lè yọ̀ sí i mọ́. Koríko ìdí àtẹ̀gùn kú. Iyọ̀ ló pa á. Ojú ibẹ̀ ṣófo, ó tóbi tó ẹní ọmọdé.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mi ò múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí àpótí aṣọ ìyàwó mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó kú. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, nínú àwọn tó fẹ́lẹ́, èyí tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí ara bá yá a. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo mú háńgà onírin kan. Mo kan ilẹ̀kùn ọmọ mi.

Ó bi mí pé ta ni.

“Èmi ni. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan.”

Ó ṣí i. Ojú rẹ̀ wú. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà hàn án. Mo bi í pé bí a bá lọ sẹ́ omi ní ọ̀sà Chesapeake pẹ̀lú èyí, ṣé ihò rẹ̀ kéré tó láti mú irú àwọn ẹ̀dá yẹn. Mo sọ fún un pé n kò tíì gé e.

Ó gbà á. Ó mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ na inú rẹ̀, ó wo ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀. Ó ní àwọn ńlá inú wọn máa há sí i, àwọn kéékèèké á jò lọ. Ó ní wọn kì í ṣe oríṣi kan náà pẹ̀lú ti ọ̀hún, pé òun á ní láti sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò.

“Ṣé kí n gé e?”

Ó ká ìbọ̀sẹ̀ náà. “Ẹ gé ẹyọ kan. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀.”

A wọ mọ́tò, a gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ síhà ìlà-oòrùn. Korobá funfun náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilé tán lẹ́bàá ọ̀nà, mo bi í ní ìbéèrè Ọjọ́bọ̀. Mo ní, àwọn tí igbó yẹn bá dá dúró, ṣé dídúró náà dára fún wọn.

Ó yíjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀. Ó ní ó sinmi lórí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nínú igbó, ìgbì kì í nà wọ́n, wọn kì í sì jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n omi tó falẹ̀ kì í gbé oúnjẹ púpọ̀ wá, ẹja sì fara pamọ́ sáàárín ewé. Ó ní àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n jáde sí gbangba òkun kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n tó padà wá. Mo bi í pé bí omi kò bá wá gbé wọn jáde ńkọ́. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun fẹ́ fi hàn nínú fídíò náà. Ó ń sọ ọ́ títí a fi dé. Mo bi í ní nǹkan mẹ́rin mìíràn lójú ọ̀nà. Mo kà wọ́n.

Omi náà tutù. Mo ká ṣòkòtò mi, mo wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, mo di háńgà tí a tẹ̀ róbótó, tí a sì fi ìbọ̀sẹ̀ náà sí lẹ́nu, mú. Mo yíjú padà sí i níbi tó dúró sí ní etí omi, mo sì bi í pé apá ibo ni kí n kọjú ẹnu rẹ̀ sí.